Ọwọ́ Àǹtí àti Sírínjì Dókítà Ẹran

Obìnrin kan wà tó kórìíra fífọ sírínjì ju ohunkóhun lọ láyé. Ó lè fọ aṣọ, ó lè fọ ilẹ̀ títí á fi máa dán. Ṣùgbọ́n sírínjì onígíláàsì, tí a ó fi oje kẹ́míkà kan ṣan, tí a ó tún fi òmíràn ṣan, tí a ó dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ, tí a ó sì máa ṣọ́ ọ bí ọmọ tuntun kó má baà fọ́, ìyẹn ni kò lè gbà. Ibi iṣẹ́ tó sì bá ara rẹ̀, sírínjì onígíláàsì ni wọ́n ń lò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Àǹtí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Láti kékeré ló ti mọ bí a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ohun fífọ̀. Ó sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ nígbà náà pé omi tí a fi ń fọ abọ́ máa ń mú ọmọdé ga. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n fọ abọ́ ilé fún ọdún púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ga gan-an lónìí, bó bá sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, á dọ̀bálẹ̀, á dúpẹ́.

Yàrá tí Àǹtí ń ṣiṣẹ́ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ní yunifásítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀dà. Sólà ni wọ́n ń ṣe ní yàrá Àǹtí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé sórí òrùlé, tó wúwo, tó sì le. Yíǹkì tó ń ṣàn bíi tàdáwà ni tiwọn. Wọ́n á po èròjà méjì pọ̀ sínú oje kan, wọ́n á kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré tó wà lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Òkòtó, nítorí bó ṣe ń yí. Òòyì á tẹ́ yíǹkì náà, oje inú rẹ̀ á fò lọ, ohun tó bá kù á di awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ fíìfíì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, iná á jáde. Iná náà kì í pọ̀. Ìyẹn ni wàhálà wọn.

Kí iná náà lè pọ̀ ni wọ́n ṣe ń fi àfikún sí yíǹkì. Àfikún kì í mú iná wá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó bá èròjà méjèèjì wá ààyè, kí wọ́n jókòó bó ti yẹ kí awọ náà tó gbẹ, kí wọ́n sún mọ́ra, kí wọ́n má sì gun ara wọn lórí. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ tó ń sọ fún èrò pé, “Ẹ sún díẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ síbí.” Bó bá kéré jù, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tirẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á da gbogbo ọkọ̀ rú.

Ẹni tí àfikún jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè dókítà. Dókítà ni ọkọ Àǹtí náà, ti ẹran ọ̀sìn, nítorí náà Àǹtí pín orúkọ fún wọn: Dókítà Ẹran ló wà nílé, Dókítà Ìwé ló wà níbi iṣẹ́. Dókítà Ìwé ti to oríṣiríṣi àfikún sórí pẹpẹ nínú ìgò kéékèèké, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í kánjú. Bó ṣe ń fọ sírínjì rẹ̀, èèyàn á rò pé ó fẹ́ fi gba ìyàwó ni.

Ohun kan ló ń dà á láàmú. Àfikún yòówù kó fi sí yíǹkì, gíláàsì tí Àǹtí bá ṣe ló máa ń mú iná jù. Yíǹkì kan náà, Òkòtó kan náà. Inú àpótí onígíláàsì kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é, tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà dúdú méjì yọ sínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ìta má baà kan yíǹkì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì sábẹ́ àtùpà ńlá tí wọ́n fi ń ṣe bí oòrùn, ti Àǹtí á fi nǹkan bí ìdajì ju ti Dókítà Ìwé lọ.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe sí i?”

“Ọwọ́ ni.”

“Ọwọ́ wo? Ọwọ́ yín ò kan yíǹkì. Inú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ yín wà. Ìbọ̀wọ́ yẹn lèmi náà ń wọ̀.”

“Ṣé o rí i báyìí? Ìbọ̀wọ́ kan náà. Ó wá kù sí ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀.”

Dókítà Ìwé wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. “Tèmi ńkọ́?”

“Tìẹ náà dáa,” ni Àǹtí fi tù ú nínú. “Ó dáa fún ìwé kíkọ.”

Ká sòótọ́, Àǹtí kò mọ ìdí rẹ̀ ju bí ọmọkùnrin náà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó kàn gbà pé ọwọ́ òun ni. Ẹni tí wọ́n bá ń yìn lójoojúmọ́ kì í sábà wádìí ara rẹ̀.

Ohun kan péré ló fi pa mọ́, kò sì kà á sí nǹkan. Ó ti pẹ́ tó ti fi sírínjì onígíláàsì sílẹ̀. Páálí sírínjì oníke kan wà nílé, èyí tí Dókítà Ẹran fi ń gún adìẹ àti ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù. Láràárọ̀ ni Àǹtí ń yọ díẹ̀ sínú báàgì rẹ̀. Ọ̀gá wọn kò fẹ́ ohun à-lò-sọnù nínú yàrá náà, nítorí náà Àǹtí á fi àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ dúdú bò ó mọ́lẹ̀, á kán yíǹkì rẹ̀, á sì kó o padà sínú báàgì bó bá ti ṣe tán. Lẹ́yìn náà ni á wá fi omi ẹ̀rọ wọ́n sírínjì onígíláàsì tó jẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n lè rò pé ó ti fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan. Obìnrin tó ti ń darúgbó ni Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sinmi.

“Àwọn tó ń fún wa lówó ìwádìí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀,” ló wí. “Wọ́n fẹ́ kí Dókítà ṣe gíláàsì kan lójú wọn, kó mú iná bíi ti Àǹtí. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ẹnì kan ló lè ṣe é, kì í ṣe ìwádìí, idán ni.”

“Bí mi ò bá rí i ṣe ńkọ́, mà?” ni Dókítà Ìwé béèrè.

“Wọ́n á gba yàrá yìí fún àwọn Ọlọ́dà ẹ̀gbẹ́ wa.”

Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí Àǹtí máa lọ. Àǹtí fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkópì kan wà nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó jókòó tì í ti fẹ́ fẹ̀yìntì, tí kò sí fèrèsé, tí kò sì sẹ́ni téèyàn lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, olórí àwọn Ọlọ́dà yọjú, ọkùnrin oníkùn kan tí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Ó mú tépù lọ́wọ́, ó ń wọn fèrèsé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dìde. Mo kàn ń wò ó bóyá pẹpẹ wa á gba ibí ni.”

“Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà náà dáadáa,” ni Àǹtí dá a lóhùn. “Ibẹ̀ lẹ máa gbà padà.”

Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Dókítà Ìwé bí òun ṣe ń dúró, bí òun ṣe ń mí, bí òun ṣe ń fi ọ̀fun kọrin nígbà tí Òkòtó bá ń yí. Ọmọkùnrin náà ṣe gbogbo rẹ̀, títí kan orin. Iná rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Dókítà Ẹran jókòó sí pálọ̀, ó gbé páálí rẹ̀ sórí itan.

“Ìyá wọn, olè kan wà ládùúgbò yìí.”

“Olè kẹ̀?”

“Ó ń jí sírínjì mi. Kò jí oògùn, kò jí owó. Sírínjì lásán. Irú olè wo nìyẹn?”

“Bóyá ara rẹ̀ ni ò yá,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń bu omi.

“Ara rẹ̀ máa yá. Mo ti ra àgádágodo.” Ó ti páálí mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Kí ni Àǹtí fẹ́ sọ? Bó bá bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó fọ sírínjì onígíláàsì bí òfin ṣe wí, ó ń ráhùn, ó ṣe gíláàsì rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ àtùpà. Iná tó jáde kò ju ti Dókítà Ìwé lọ. Ó tiẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀.

“Àǹtí, bóyá gílóòbù yìí ló ti ń rẹ̀,” ni Dókítà Ìwé wí, ó sì lọ yẹ àtùpà wò. Kò sí ohun tó ṣe gílóòbù.

Àǹtí tún un ṣe, ó tún rí bákan náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ìpara pa ọwọ́. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Ó gé èékánná. Ó fi ọwọ́ òsì ṣe é, yíǹkì dà sílẹ̀. Dókítà Ìwé gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò rí i mú mọ́ra.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ wò ó bóyá ó máa dáa fún ìwé kíkọ.”

Alẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí kò lè jẹun dáadáa. Dókítà Ẹran ní tirẹ̀ ń jẹun tayọ̀tayọ̀, kọ́kọ́rọ́ ń mì lọ́rùn rẹ̀.

“Láti ọjọ́ tí mo ti ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn,” ló wí, “kò sí sírínjì tó sọ nù mọ́. Olè yẹn á ti jókòó síbì kan báyìí, á máa ronú.”

Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó tó ń ronú, gbé ṣíbí dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo kọ́kọ́rọ́. Ìgbà wo ni wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù? Ọjọ́ Àìkú. Ìgbà wo ni ọwọ́ òun kú? Ọjọ́ Ajé.

“Bàbá wọn,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. “Ajá yìí ò jẹun láti àná.”

Ajá náà wà lábẹ́ tábìlì, ó ń jẹ egungun. Àǹtí fi ẹsẹ̀ ti egungun náà sẹ́yìn àga. Dókítà Ẹran fẹ́ràn ajá yẹn. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa oògùn tó ń fún ara lókun sínú sírínjì kan, ó sì ń lé ajá yí àga ká. Kó tó rí i mú, ìyàwó rẹ̀ ti bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú páálí. Ajá gba abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó gbà. Ó ń wo Àǹtí títí wọ́n fi lọ sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Àǹtí ṣe gíláàsì méjì. Ó fi sírínjì onígíláàsì kán ọ̀kan, ó fi oníke kán èkejì. Ó gbé wọn sábẹ́ àtùpà. Ti oníke fò sókè, àní bí ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyé.

Ó jókòó. Inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, bí ẹni tó ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ẹbí ló ti gbọ́ nípa ọwọ́ yẹn. Ó ti sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ méjì.

Ó wá rò ó dáadáa. Ohun tí Ọ̀gá ń fẹ́ ni pé kí Dókítà Ìwé rí i ṣe. Kò sẹ́ni tó ní ó gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe rí i ṣe.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà dé, Àǹtí ti gbé àga sí àárín yàrá.

“Ṣé o fẹ́ ọwọ́?”

“Mo rò pé ọwọ́ náà ti kú.”

“Ó lọ sinmi ni. Ṣé o fẹ́ ẹ àbí o ò fẹ́ ẹ?”

“Mo fẹ́ ẹ, Àǹtí.”

“Kò sí ọwọ́ ọ̀fẹ́. Lọ ra búrẹ́dì wá.”

Ó lọ, ó rà á wá. Àǹtí ní kó jókòó, kó na ọwọ́, kó di ojú. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

“Àǹtí, kò síbi tí wọ́n kọ eléyìí sí nínú ìwé kankan o.”

“Ìwé ló sọ ẹ́ di ẹni tó ń wá ọwọ́ kiri. Dijú.”

Lẹ́yìn náà ló mú sírínjì oníke kan jáde. “Èyí ti mọ ọwọ́ mi. Òun ló máa sìn ẹ́ dọ́nà.”

“Oníke nìyí. Ọ̀gá ò ní fẹ́—”

“Ṣé Ọ̀gá ló ń wá ọwọ́ ni, àbí ìwọ?”

Dókítà Ìwé kán yíǹkì rẹ̀. Òkòtó yí. Wọ́n gbé gíláàsì sábẹ́ àtùpà, iná rẹ̀ fò dé ibi tí ti Àǹtí máa ń dé. Ó tún ṣe òmíràn, òun náà fò. Ojú rẹ̀ wá yí padà. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti gbé tẹ̀mómítà wá, ó ń wọn bí àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí ṣe gbóná tó.

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ooru ara yín ló ń gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé. Àná, kí lẹ jẹ?”

“Búrẹ́dì,” ni Àǹtí wí. “Ara mi gbóná láti kékeré.”

Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò mọ ìgbà tó dé. Ó wọlé, ó mú sírínjì oníke tó wà lórí tábìlì, ó ti ọ̀pá inú rẹ̀ wọlé, ó fà á jáde. Kò dún. Ó yọ ọ̀pá náà kúrò pátápátá, ó fi ìka ra inú ike náà, ó fi ìka méjì ra ara wọn.

“Kí ló ń mú un yọ̀ báyìí?” ló béèrè.

Ó gbé e síwájú àwọn méjèèjì.

“Àbí ọwọ́ náà ni? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, màá sọ fún wọn lọ́la pé ọwọ́ ni.”

Ìró kan wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tépù irin ni, tí wọ́n nà, tí wọ́n sì jẹ́ kó ká ara rẹ̀ padà. Àwọn Ọlọ́dà ti ń wọn ògiri ìta.

Àǹtí wo ọwọ́ rẹ̀, tẹ̀mómítà ṣì wà nínú rẹ̀.

“Kì í ṣe ọwọ́, mà,” ló wí. “Sírínjì ni. Bí mo bá fi onígíláàsì ṣe é, èmi àti Dókítà yìí ò yàtọ̀. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.”

“Láti ìgbà wo lo ti ń lò ó?”

“Láti ìgbà tí fífọ̀ ti sú mi.”

Ọ̀gá kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka rẹ̀ sí Dókítà Ìwé. Dókítà Ìwé fi ìka tirẹ̀ kàn án, ó sì gbé ìka náà sójú ìmọ́lẹ̀.

“Òróró ni,” ló wí. “Àwọn tó ṣe sírínjì yìí ló fi pa inú ẹ̀, kí ọ̀pá náà lè máa lọ geere. Yíǹkì á ti máa fọ díẹ̀ nínú ẹ̀ kúrò.” Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. “Àfikún ni, mà. Àfikún tí ẹnikẹ́ni ò fi sí i.” Ó yíjú sí pẹpẹ rẹ̀, sí gbogbo ìgò kéékèèké tó ti ń fìyà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Àǹtí. “Àǹtí, búrẹ́dì mi ńkọ́?”

“Mo ti jẹ ẹ́.”

Ọ̀gá ti ń bọ́ kóòtù. Ó ní wọn kò lè kó sírínjì adìẹ síwájú àlejò. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n òróró náà, kí wọ́n lè kán an láti inú ìgò. Ọ̀pọ̀ sírínjì ni wọ́n máa ṣan kí wọ́n tó rí òróró tó máa tó dánwò, ẹ̀kúnwọ́ kan kò sì lè tó. Àǹtí gbé fóònù.

“Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé páálí sírínjì yẹn wá sí ibi iṣẹ́ mi.”

Ó gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń dún lọ́rùn ọkọ rẹ̀.

“Ìyá wọn.”

“Ẹ má sọ nǹkan kan.”

“Ajá ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ ti yá.”

“Ara rẹ̀ yá tẹ́lẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ó gbé e wá. Ó tiẹ̀ dúró, ó bá wọn yọ ọ̀pá sírínjì, ó sì ń wo ìyàwó rẹ̀ lọ́nà tí ajá gbà wò ó. Wọ́n ṣan òróró jáde, wọ́n jẹ́ kí oje tí wọ́n fi ṣan án fò lọ, wọ́n fi èyí tó kù sí yíǹkì díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó pọ̀, iná wálẹ̀ pátápátá. Ìgbà tó kéré jù, ó dà bí ẹni pé kò sí. Láàárín méjèèjì ni wọ́n rí i, ìwọ̀n kan tí ojú lásán kò lè rí, oòrùn ìta sì ti ń wọ̀ nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn àlejò tò sẹ́yìn Dókítà Ìwé, olórí àwọn Ọlọ́dà náà sì dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú tépù lápò. Sírínjì onígíláàsì ni Dókítà Ìwé lò. Ó fi òróró sí yíǹkì láti inú ìgò kékeré kan, ó kán an, Òkòtó yí. Kò dijú. Iná fò dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn àlejò ní kí ẹlòmíràn ṣe é. Ọ̀gá ṣe é, ó dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò tiẹ̀ ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́, ó ṣe tirẹ̀, kò ṣe irú rẹ̀ rí, síbẹ̀ ó sún mọ́ ọn.

“Báwo lẹ ṣe rí èyí?” ló béèrè.

“Ẹnì kan níbí ò fẹ́ràn láti máa fọ nǹkan,” ni Ọ̀gá wí. Kò fi kún un.

Yàrá kò lọ mọ́. Ìgò kékeré náà wà lórí pẹpẹ, “Ọwọ́ Àǹtí” sì ni gbogbo wọn ń pè é. Bí Dókítà Ìwé bá ń po yíǹkì, á ní, “Ẹ bá mi gbé ọwọ́ Àǹtí wá,” Àǹtí á sì máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ṣe òfin tuntun. Nísinsìnyí tí wọ́n ti mọ̀ pé òróró inú ike lè yí iṣẹ́ padà, ike kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ àpótí náà mọ́. Sírínjì onígíláàsì nìkan, ti gbogbo yàrá, kó mọ́ tónítóní, kí òróró àná má baà kù nínú ti òní. Ẹni tí yóò máa fọ gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá kò pe orúkọ rẹ̀. Ó kàn wò ó.

Àǹtí wà nídìí ẹ̀rọ omi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sírínjì kún àwo síwájú rẹ̀. Olórí àwọn Ọlọ́dà ń kọjá lọ. Ó dúró. Ẹ̀yìn àwọn àlejò ló wà lọ́jọ́ Ẹtì náà, kò rí púpọ̀, kò sì gbọ́ tán.

“Mo gbọ́ pé ọwọ́ Àǹtí ló gba yàrá yìí sílẹ̀,” ló wí.

“Bí wọ́n ṣe ń sọ nìyẹn.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ yẹn lè ran ẹlòmíì? Ọ̀dà wa ni kì í gbẹ dáadáa.”

Àǹtí wo ojú rẹ̀. Ó wo àwo sírínjì. Ó rántí àbúrò rẹ̀ tó ga.

“Ó máa ń ranni,” ló wí, ó sì sún díẹ̀ kúrò nídìí omi. “Ẹ ká apá aṣọ yín sókè.”